Ẹ má sáré lé tarantula
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin tá a jọ ń gbá géèmù Animal Crossing: New Horizons. Kò sẹ́ni tó bi mí, àmọ́ mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí aláǹtakùn ńlá yẹn, tarantula. 8,000 bells, ìyẹn owó inú géèmù náà, ni wọ́n ń rà á ní ṣọ́ọ̀bù. Tẹ́ ẹ bá lè fi í pa mọ́ títí Flick, ẹni tó máa ń wá ra kòkòrò, á fi dé, 12,000 ló máa san.

Tí erékùṣù yín bá wà ní ìhà àríwá ayé, oṣù kọkànlá sí oṣù kẹrin ló ń jáde, láti aago 7 alẹ́ sí aago 4 ìdájí. Lẹ́yìn náà ni àkeekèé á gbapò rẹ̀. Owó kan náà, ọgbọ́n kan náà.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mú un, ẹ tẹ bọ́tìnnì A mọ́lẹ̀, ẹ má jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹ ó gbé àwọ̀n sókè, ẹ ó sì máa yọ́ rìn. Tẹ́ ẹ bá ti rí i tó na ẹsẹ̀ iwájú sókè, ẹ dúró gbagidi! Tó bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ tún sún díẹ̀. Ìgbà tó bá ku ìṣísẹ̀ kan ni kẹ́ ẹ tó jọ̀wọ́ A. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló bù mí jẹ lálẹ́ ọjọ́ kan, iwájú ilé mi ni mo ń jí sí bí ọ̀mùtí.

Agbọ́n ńkọ́? Ẹ mú àwọ̀n dání kẹ́ ẹ tó gbọn igi, kẹ́ ẹ sì dúró níwájú igi, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Tí ilé wọn bá já bọ́, ẹ kàn tẹ A kíá. 2,500 bells nìyẹn.