Bí mo ṣe yanjú ọ̀rọ̀ àmì táwọn pléyà mi kì í rí

Èmi ni mo máa ń darí eré ìtàn táwa àtàwọn pléyà jọ ń fẹnu sọ, tá a sì ń ju dáìsì sí. Ohun tó ń dà mí láàmú tẹ́lẹ̀ ni pé mo máa ń fi àmì tó ṣe pàtàkì jù (ohun tó ń tú àṣírí ìtàn) pamọ́ sẹ́yìn dáìsì, pléyà á wá ju 4 lórí d20 (dáìsì olójú ogún), eré á dúró sójú kan, a ó kàn máa wojú ara wa. Ní báyìí, ohun tí ìtàn ò lè lọ síwájú láìsí i, tí wọ́n bá ti wo ibi tó yẹ mo ti sọ ọ́ nìyẹn, dáìsì wà fún àfikún, bíi ta ló ni ọ̀bẹ yẹn. Mo tún ń fi àmì sí ibi 3, torí wọ́n á fojú fo méjì (ẹ gbà mí gbọ́). Ní D&D (Dungeons & Dragons, ọ̀kan lára irú eré yìí), mo ti kọ passive Perception kálukú (nọ́ńbà tó ń sọ ohun tí ẹnì kan lè kíyè sí láìju dáìsì) sílẹ̀, torí tí n bá ní kí wọ́n ju dáìsì pẹ́nrẹ́n, wọ́n ti fura. Àṣírí tó yẹ kí pléyà kan ṣoṣo mọ̀ ńkọ́? Mo máa ń kọ ọ́ sí bébà kékeré fún un ni.