Bí mo ṣe kọ́ iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ní food bank ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù

Ní food bank, ibi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tí kò ní, yàrá ìkẹ́rùsí ni mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi mí sí, kì í ṣe ìdí tábìlì tí wọ́n ti ń gba àlejò. Ẹni tí kò tíì mọ ohun tó wà lórí pẹpẹ kò ní ìdáhùn fún ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta tó ń béèrè wàrà. Ní ọ̀pọ̀ food bank nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n ń dì fún ẹni tó bá mú voucher, ìwé tí wọ́n fi ń gba oúnjẹ náà, wá láti ọ̀dọ̀ dókítà, ilé ìwé tàbí àwọn tó ń gba aráàlú nímọ̀ràn.

Mo kọ́kọ́ wọn agbọ̀n oníke lófìfo, mo kọ iye rẹ̀ sára ògiri, kí n lè máa yọ ọ́ kúrò nínú ìwọ̀n ọrẹ tó bá wọlé. Bí agbọ̀n bá jẹ́ kílò 2, téèyàn sì gbàgbé rẹ̀ nígbà 30, kílò 60 oúnjẹ tí kò sí níbì kankan ti wọ ìwé nìyẹn.

Déètì ló gba ojú jù. "Use by" ń sọ nípa ewu: bí ọjọ́ rẹ̀ bá ti kọjá, dà á nù, bó ti wù kó máa ta sánsán tó. "Best before" ń sọ nípa adùn. Agolo tí tirẹ̀ ti kọjá ṣì lè ṣeé jẹ, ṣùgbọ́n ibì kọ̀ọ̀kan ló ní iye oṣù tí wọ́n gbà láàyè, nítorí náà mo máa ń béèrè kí n tó jù ú nù. Ìdí agolo, ọrùn ìgò àti ibi tí wọ́n ti ká ọ̀rá bisikíìtì ni mo ti ń wá déètì, mo sì ń fi máákà kọ oṣù àti ọdún gàdàgbà sórí rẹ̀: 03/27. Èyí tó máa tètè bàjẹ́ ń lọ síwájú, èyí tó máa pẹ́ ń lọ sẹ́yìn. Ẹni tó ń kánjú á kàn ti ẹrù tuntun síwájú, ti àtijọ́ á sì kú sẹ́yìn láìsẹ́ni tó mọ̀. Agolo tó tẹ̀ lára kò léwu púpọ̀. Èyí tó tẹ̀ létí tàbí lójú ìpàdé irin rẹ̀, tàbí tó wú, kí ẹ má jẹ́ kó kọjá lọ́wọ́ yín, torí ibẹ̀ ni kòkòrò àrùn ń gbà wọlé.

Kí n tó fọwọ́ kan pẹpẹ, mo ń ka voucher tán: èèyàn mélòó, ọmọdé mélòó, kí ni wọn kì í jẹ. Ẹni tó ń gbé yàrá tí kò ní ju kẹ́túlù tí wọ́n fi ń se omi lọ, kí ló fẹ́ fi ìrẹsì ṣe? Indómì, òòtì àti ọbẹ̀ tí omi gbígbóná ń pò ni mo ń dì fún un, pẹ̀lú agolo olórùka tí kò nílò ohun ìṣígolo. Fún mùsùlùmí, ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀wà inú agolo. Èyí tó ní sọ́séèjì jọ èyí tí kò ní in bí ìbejì, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sì sábà máa ń wà nínú sọ́séèjì náà. Ohun èlò tí wọ́n kọ sẹ́yìn ni kí ẹ kà, kì í ṣe àwòrán. Mo tún ń pín agolo káàkiri àpò, torí bọ́ọ̀sì ni ọ̀pọ̀ wọn máa wọ̀ lọ sílé.

Lọ́sẹ̀ kẹta ni mo tó jókòó nídìí tábìlì. Ẹ máa rí àgbàlagbà Yorùbá níbẹ̀, ní àdúgbò Peckham pàápàá. Kíkí ló kọ́kọ́ yẹ wọ́n, ife tíì sì tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n bí màmá bá fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn "Ẹ káàárọ̀ mà", Gẹ̀ẹ́sì ni kí ẹ bá wọn sọ títí wọn á fi lọ: ó lè jẹ́ pé wọn ò fẹ́ kí ará ilé dá wọn mọ̀. Mi ò béèrè ohun tó gbé wọn dé ibẹ̀. Bí a bá sì pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, mò ń kí wọn bí mo ṣe ń kí gbogbo àgbà, mi ò dárúkọ food bank.