Bí mo ṣe ya iye èèyàn ìpínlẹ̀ mẹ́fà fún ẹ̀gbọ́n mi tíṣà

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní Social Studies n'Íbàdàn. Èmi ní tèmi, ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tẹ̀wé, tí mo sì ń ṣe fótòkọ́pì ni mo jókòó sí. Lọ́jọ́ kan ló gbé bébà pélébé kan wá, iye èèyàn tí wọ́n kà lọ́dún 2006 ló kọ sí i: Èkìtì 2,398,957; Èkó 9,113,605; Ògùn 3,751,140; Oǹdó 3,460,877; Ọ̀ṣun 3,416,959; Ọ̀yọ́ 5,580,894. (Ẹ má bínú, ẹ̀yin Yorùbá Kwara àti Kogi, ìpínlẹ̀ mẹ́fà Gúúsù-Ìwọ̀-Oòrùn ni iṣẹ́ kíláàsì wọn dá lé. Ẹ má sì bi mí ìdí tí a ṣì fi ń lo ti 2006. Èyí tí wọ́n fẹ́ kà ní 2023, wọ́n sún un síwájú.) Ó fẹ́ kí n yà á sórí bébà ńlá tí òun máa lẹ̀ mọ́ ògiri, kí n sì ṣe kékeré rẹ̀ tí àwọn ọmọ máa mú lọ sílé.

"Èyí tó rí roboto yẹn ni kí o yà fún mi," ó ní. "Àwọn ọmọ fẹ́ràn àwọ̀."

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n ni, n kò jiyàn. Mo kó nọ́ńbà náà sínú Excel, ètò kọ̀ǹpútà tó ń fi nọ́ńbà ya àwòrán, mo yan Pie, ìyẹn roboto tó ń pín nǹkan sí bíbẹ́ bíbẹ́. Ká sòótọ́, ó wuyì, bíi kéèkì ọjọ́ ìbí tí wọ́n ti gé sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tẹjú mọ́ ọn, mo bi ara mi pé láàárín Ògùn, Oǹdó àti Ọ̀ṣun, ibo lèèyàn pọ̀ sí jù? Èmi tí mo fọwọ́ ara mi tẹ nọ́ńbà wọn wọlé kò lè sọ. Ti Oǹdó àti ti Ọ̀ṣun, ìyàtọ̀ igun wọn kò tó dígírì kan. Ojú wo ló fẹ́ rí ìyẹn láti ìjókòó ẹ̀yìn?

Fótòkọ́pì ló wá pa á pátápátá. Àwọ̀ ewé tí mo fún Ògùn àti búlúù tí mo fún Ọ̀ṣun, àwọ̀ eérú kan náà ni wọ́n dà. Àwọn àpótí kéékèèké ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó yẹ kó sọ ẹni tó ni àwọ̀ wo, gbogbo wọn di eérú pẹ̀lú. Bébà méjì ló bá a lọ, àti tóònà.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi. "Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ fẹ́ káwọn ọmọ rí gan-an?"

"Kí wọ́n mọ èyí tó pọ̀ ju èkejì lọ ni. Kí tún ni?"

Ó yẹ kí n ti béèrè ìyẹn kí n tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Ṣáàtì ọ̀pá, èyí tí òyìnbó ń pè ní bar chart, ló yẹ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. (Ẹ má pè é ní ṣáàtì ọlọ́pàá o, kí ọkàn yín má baà lọ sí òpópónà Ìbàdàn sí Èkó.) Bí a bá fẹ́ mọ èyí tó gùn nínú aṣọ méjì, etí wọn la máa ń pa pọ̀, ká tó wo ibi tí ọ̀kan yọ sí. Bí ọ̀pá ṣe ń ṣe nìyẹn: ẹsẹ̀ gbogbo wọn wà lójú ìlà kan. Roboto kò ní etí tí a lè pa pọ̀. William Cleveland àti Robert McGill dán ọ̀rọ̀ yìí wò ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1984: ojú èèyàn máa ń mọ ìyàtọ̀ àwọn nǹkan tó wà lójú ìwọ̀n kan náà ju ìyàtọ̀ igun lọ. Síbẹ̀ n kò ní bú roboto jù. William Playfair, ará Scotland tó tẹ ṣáàtì ọ̀pá àti ti ìlà jáde ní 1786, òun náà ló tún gbé roboto wá ní 1801.

Mo tẹ́ àwọn ọ̀pá náà sílẹ̀ gbalaja kí orúkọ ìpínlẹ̀ má baà dagun. Mo tò wọ́n bí èèyàn wọn ṣe pọ̀ sí, kì í ṣe bí álífábẹ́ẹ̀tì ṣe tò wọ́n. Níbí, Excel máa ń ṣe orí kunkun: ẹni tí o kọ sókè nínú tábìlì, ìsàlẹ̀ ló máa gbé e sí. Mo ní láti wọ inú ètò ìlà ẹ̀gbẹ́ kí n mú "Categories in reverse order" kí Èkó tó bọ́ sókè.

Lẹ́yìn náà ni mo dẹ́ṣẹ̀. Mo rí i pé Oǹdó àti Ọ̀ṣun ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, mo wá ní kí ìwọ̀n bẹ̀rẹ̀ láti mílíọ̀nù méjì dípò òdo, kí ìyàtọ̀ lè hàn. Ó hàn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Èkìtì di kùkùté, ọ̀pá Èkó sì gùn jù ú lọ ní nǹkan bí ìlọ́po méjìdínlógún, bẹ́ẹ̀ èèyàn Èkó kò tó ìlọ́po mẹ́rin ti Èkìtì. Irọ́ ni mo fẹ́ lọ lẹ̀ mọ́ ògiri kíláàsì. Mo dá a padà sí òdo. Lórí bébà tí ọ̀pá Èkó ti gùn ní sẹ̀ǹtímítà 30, Ògùn fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan yọ lórí Oǹdó, Oǹdó kò sì fi ju mìlímítà kan àtààbọ̀ lọ yọ lórí Ọ̀ṣun. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, nítorí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba ní tòótọ́. Mo kọ nọ́ńbà sí ṣóńṣó ọ̀pá kọ̀ọ̀kan fún ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ dájú.

Bàbá kan tó ń dúró de fótòkọ́pì wọn ní kí ló dé tí n kò ya máàpù. Mo ní, "Bàbá, bí ẹ bá kun máàpù, Ọ̀yọ́ ló máa gba gbogbo ojú, Èkó kò ní ju èékánná lọ, torí ilẹ̀ rẹ̀ ló kéré jù ní gbogbo Nàìjíríà." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn tó ń wá ilé gbé l'Ékòó ti mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó ku apá kejì. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ kí n fi bí èèyàn Nàìjíríà ṣe ń pọ̀ sí i hàn: 55,670,055 ní 1963, 88,992,220 ní 1991, 140,431,790 ní 2006. Ọ̀rọ̀ ọdún ti wọ̀ ọ́, ìlà ló yẹ ẹ́. Mo yan Line. Ìlà méjì ló yọ: ọ̀kan ń gòkè, èkejì nà gbalaja sísàlẹ̀ bí ejò tó ti kú. Excel ti ka ọdún mọ́ iye èèyàn! 1963, 1991 àti 2006 ló fi ya ejò yẹn. Mo pa ọ̀rọ̀ "Ọdún" rẹ́ lórí òpó àkọ́kọ́, mo tún un yà, ejò lọ.

Àṣìṣe tó kù burú ju ejò lọ, torí kò hàn. Àyè tó fi sáàárín 1963 àti 1991 bá èyí tó fi sáàárín 1991 àti 2006 dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ọdún 28 ni àkọ́kọ́, ọdún 15 ni èkejì. (Wọ́n kà á ní 1973 náà, ṣùgbọ́n ìjọba fagi lé e.) Lójú Line, orúkọ lásán ni ọdún jẹ́, bí Ògùn àti Oǹdó. Mo yí i sí Scatter, irú èyí tó ń fa ìlà láti àmì sí àmì, òun ló mọ̀ pé nọ́ńbà ni ọdún. Apá kejì ìlà náà wá dìde bí òkè: kí 1991 tó dé, nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.2 ló ń kún wa lọ́dún, lẹ́yìn rẹ̀ ó di nǹkan bíi 3.4. Mo mú àwọn àmì náà tóbi dáadáa kí àwọn ọmọ mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni kíkà tó wà níbẹ̀, àárín wọn, rúlà ló fà á.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wá gbé e, ó wo ọ̀pá, ó wo ìlà, ó ní, "Roboto mi dà?"

Mo ti fi ọ̀kan pamọ́ fún un sí igun bébà: bíbẹ́ méjì péré, Èkó àti àwọn márùn-ún yòókù. Èkó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo wọn, kò sì sí ọ̀pá tó lè sọ ìyẹn kíákíá bíi roboto. Dúdú àti funfun ni mo fi ṣe é, fótòkọ́pì kò rí i bàjẹ́.

Ó sanwó bébà tó gbé lọ. Ti méjì tí mo kọ́kọ́ bàjẹ́, ó ní òun kò rán mi níṣẹ́ eérú.