Bí mo ṣe rí ìwé fún iṣẹ́ ìwádìí mi ní láíbìrì kọ́lẹ́ẹ̀jì

Omi mímu àti àrùn onígbáméjì ni mo ń kọ nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n káàtálọ́ọ̀gì kò gbé nǹkan gidi jáde. Ohun tó yanjú rẹ̀ nìyí: mo wá ìwé kan ṣoṣo tó bá a mu, mo ṣí àkọsílẹ̀ rẹ̀, mo sì tẹ àkòrí tí wọ́n pín in sí, “Cholera—History”. Ìwé rẹpẹtẹ ló jáde! Nínú ètò Dewey, tí láíbìrì fi ń fi nọ́ńbà pín ìwé sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́, abẹ́ 614 ni ìdènà àrùn wà. Mo lọ wo pẹpẹ náà fúnra mi. Ẹ̀yìn ìwé, níbi tí òǹkọ̀wé to àwọn ìwé tó lò sí, ló ṣe mí lóore jù: ibẹ̀ ni mo ti bá ìwé 1855 ti John Snow, dókítà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣèwádìí bí omi ṣe ń tan àrùn onígbáméjì kálẹ̀, pàdé. Èyí tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n bá yín yá a láti láíbìrì mìíràn.