Làkúrègbé Ajá: Bí Mo Ṣe Ń Tọ́jú Rẹ̀ Láìsí Iṣẹ́ Abẹ

Ajá tí oríkèé ń dùn kì í sábà ké, ẹ má dúró de igbe rẹ̀. Ẹ wò ó tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí: ṣé ara rẹ̀ gan, tó sì wá ń rìn dáadáa lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀? Ṣé ó ń wo àtẹ̀gùn sùn-ùn kó tó gùn ún? Ṣé ojú kan náà ló ń lá lára ẹsẹ̀ ṣáá? Tanímọ̀la, abo ajá mi, kò tiro rárá níbẹ̀rẹ̀. Tó bá fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ iwájú ló fi ń fa ara rẹ̀ sókè, ìdí á wá máa wọ́ bọ̀ lẹ́yìn. Mo fi fóònù yà á ní fídíò fún dókítà ẹranko. Ẹ̀yin náà ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, torí ajá tó bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, ìbẹ̀rù lè mú un rìn bíi pé kò sóhun tó ṣe é.

Kèrékèré oríkèé, ìyẹn ohun rírọ̀ tó bo orí egungun níbi tí wọ́n ti pàdé, tó bá ti jẹ, kì í hù padà. Ìrọ̀rùn la ń wá fún un.

Tó bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo lẹ máa ṣe, ẹ jẹ́ kó fọn. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ra ìhà rẹ̀: ó yẹ kí ọwọ́ yín ba egungun láìtẹ̀ ẹ́, tí ẹ bá sì wò ó látòkè, kí ìbàdí rẹ̀ há díẹ̀. Bí ọwọ́ ò bá ba egungun, oúnjẹ ti pọ̀ jù nìyẹn. Ajá tó sanra ò nílò kó dín tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n rẹ̀ kí títiro tó bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́. Ẹ gbé oúnjẹ sórí òṣùwọ̀n, ẹ yé fojú díwọ̀n. Àwọn ará ilé gan-an ni wàhálà, gbogbo wọn ló láàánú, gbogbo wọn ló ń ju òkèlè. Inú oúnjẹ ọjọ́ náà ni mo ti ń yọ ìpanu Tanímọ̀la sọ́tọ̀ láàárọ̀. Tó bá ti tán, ó tán, kò sẹ́bẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kó jókòó sójú kan o. Iṣan ló ń gbé oríkèé ró, àìrìn sì ń jẹ́ kí iṣan joro. Ìrìn kúkúrú lójoojúmọ́, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, pẹ̀lú okùn lọ́rùn, sàn ju kó sùn gbogbo ọ̀sẹ̀ kẹ́ ẹ wá sáré gígùn ní Sátidé. Bọ́ọ̀lù jíjù tó ń mú un fò kó sì yí bìrí, mo ti fòfin dè é. Ìlúwẹ̀ẹ́ dára gan-an, omi á gbé ìwọ̀n rẹ̀. Tí ara rẹ̀ bá gan lọ́jọ́ kejì, ẹ ti rìn jù.

Nínú ilé, ilẹ̀ tó ń yọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mójú tó. Mo tẹ́ rọ́ọ̀gì tó ní rọ́bà lábẹ́ láti ibùsùn rẹ̀ dé ibi omi, títí dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ gé èékánná rẹ̀, kí ẹsẹ̀ lè tẹlẹ̀. Kí ibùsùn rẹ̀ nípọn.

Ní ti oògùn, ọwọ́ dókítà ẹranko nìkan ni kó ti wá. Carprofen àti meloxicam, oògùn ìrora àti wíwú, ló wọ́pọ̀. Ó yẹ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ṣáájú, kí wọ́n sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lóòrèkóòrè, nítorí ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín. Tó bá ń bì, tó kọ oúnjẹ, tàbí tí ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú, ẹ dá oògùn dúró, ẹ pe dókítà. Ẹ má fún un ní ibuprofen tiyín láéláé: ó ń dá ọgbẹ́ sínú ajá, ó sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Abẹ́rẹ́ ìrora oríkèé kan wà tí wọ́n ń gún lẹ́ẹ̀kan lóṣù, bedinvetmab, ẹ bi dókítà bóyá ó bá tiyín mu. Epo ẹja lè ṣèrànwọ́. Ẹ̀rí tó wà lẹ́yìn glucosamine, àfikún oúnjẹ tí wọ́n ń tà fún oríkèé, ò lágbára, owó tèmi ò lọ síbẹ̀.

Ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: bó ṣe dìde, bó ṣe gun àtẹ̀gùn, ibi tó rìn dé. Tó bá di pé ó kọ̀ láti jáde, tàbí ó ń kùn mọ́ ẹni tó fọwọ́ kàn án, ẹ má fi kún oògùn fúnra yín. Ẹ gbé ìwé náà lọ bá dókítà.