Iná "1,000W" tó ń fa 100: bí mo ṣe gbin tòmátì aràrá nínú ilé gíláàsì lójú òtútù

Iná ewéko tí mo rà, 1,000W ni wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí rẹ̀. Mo fi mítà tí wọ́n ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì wọ̀n ọ́n, ohun tó ń fà kò ju 100 wáàtì àti díẹ̀ lọ. Mo kọ̀wé sí ẹni tó tà á, ó ní wọ́n kàn fi wé gílóòbù ayé àtijọ́ ni. Èyí kò dáa rárá. Ẹni tó ń ra iná fún ewéko kò ra gílóòbù pálọ̀. Iye ìmọ́lẹ̀ tó máa dé orí ewé ló fẹ́ mọ̀. Owó mi kò padà wá, iná yìí ló sì jẹ́ kí tòmátì mi máa yọ òdòdó tí kò di èso nígbà tó yẹ kí n ti máa ká a.

Ní gúúsù England níbí, ojúmọ́ kì í tó wákàtí 8 lọ́jọ́ 21 oṣù Kejìlá. Tí ìkùukùu bá bo ojú ọ̀run, ìmọ́lẹ̀ tó ń wọ inú ilé gíláàsì kì í ju mólù 2 tàbí 3 lọ lórí mítà onígun mẹ́rin kan lójúmọ́ kan (mólù ni wọ́n fi ń ka iye ìmọ́lẹ̀ tó ń dé orí ewé). Tòmátì tó máa so dáadáa ń fẹ́ bíi 15 sókè. Iná ló gbọ́dọ̀ mú ìyókù wá.

Ìdí tí mo fi yan aràrá ni owó ìgbóná. Ilé gíláàsì tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 6 tó sì gùn ní 8 ní tó mítà onígun mẹ́rin 20 gíláàsì lára. Gíláàsì ẹyọ kan ń jẹ́ kí bíi wáàtì 5.7 sá lọ lára mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan, fún ìyàtọ̀ 1°C láàárín inú àti ìta. Tí ìta bá jẹ́ 0°C, tí ẹ sì fẹ́ 15°C nínú, wáàtì 1,700 ni híta yóò máa fà láìsinmi. Fún òru wákàtí 14, ó ti tó yúnítì 24. Tí yúnítì kan bá jẹ́ pẹ́ńsì 25, pọ́n-ùn 6 ti lọ lóru ọjọ́ kan péré. Kò sí tòmátì tó tó ìyẹn.

Ṣùgbọ́n Micro Tom, irú tòmátì aràrá kan, kì í ga ju sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20 lọ, Tiny Tim àti Red Robin, aràrá méjì mìíràn, wà ní nǹkan bí 30. Nítorí náà, n kò mú odindi ilé gíláàsì gbóná. Àgọ́ kékeré ni mo kàn sórí tábìlì inú rẹ̀: mítà 1.2 ní gígùn, sẹ̀ǹtímítà 60 ní fífẹ̀, 60 ní gíga. Igi pẹlẹbẹ ni férémù, bubble wrap (ọ̀rá tó ní afẹ́fẹ́ nínú) ìlọ́po méjì ni ara, fóòmù líle tó nípọn ní mìlímítà 50 wà nísàlẹ̀, mo sì tẹ́ wáyà ìgbóná oní-75 wáàtì sínú yanrìn sẹ̀ǹtímítà 5 lórí rẹ̀, thermostat rẹ̀ (ohun tó ń tàn án tó sì ń pa á bí ooru bá ti tó) wà ní 18°C. Gbogbo ara àgọ́ náà kò tó mítà onígun mẹ́rin 4. Wáyà yẹn àti ooru tó ń jáde lára iná ti tó láti mú àgọ́ náà gbóná ní ọ̀pọ̀ òru. Ìgbà tí yìnyín bá mú gan-an nìkan ni mo máa ń da aṣọ fleece bò ó. Inú mi dùn sí àgọ́ yìí gidi gan-an. Gbogbo iná tó bá wọ inú ilé gíláàsì gbọ́dọ̀ gba ara RCD (ẹ̀rọ tó ń já iná lójú ẹsẹ̀ tí iná bá ń sá jáde) kọjá, nítorí omi ń ta síbi gbogbo.

Gbígbin kò ṣòro, ẹni tó bá ti gbin ata rí ti mọ̀ ọ́n: irúgbìn ní 21 sí 25°C, ìṣípò nígbà tí ewé gidi méjì bá yọ, ìkòkò lítà 1 fún Micro Tom, lítà 2 fún Red Robin. A kì í gé ẹ̀ka wọn, a kì í sì í fi ọ̀pá gígùn gbé wọn ró.

Òdòdó ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Lára igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó gbé òdòdó kọ̀ọ̀kan dúró, oríkèé kékeré kan wà láàárín. Tí òdòdó kò bá gba lẹ́búlẹ́bú (eruku òdòdó tó ń mú kó di èso), oríkèé yẹn ló máa kọ́kọ́ di àwọ̀ ìyeyè, nígbà tí òdòdó fúnra rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀. Ẹ fi ìka kàn án, á já gẹ́rẹ́ níbẹ̀. Odindi ìdì òdòdó ń lọ báyìí, ìdì kan tẹ̀lé òmíràn, ó sì ń bí mi nínú, torí ewé wọn dára, kò sí kòkòrò, kò sí èbu.

Mo kọ́kọ́ wo òtútù. Lábẹ́ 13°C lóru, lẹ́búlẹ́bú tòmátì kì í dára. Ṣùgbọ́n tẹmómítà tó ń pa ìwọ̀n tó kéré jù mọ́ fi hàn pé àgọ́ kì í lọ sílẹ̀ ju 15 lọ. Mo wo ọ̀rinrin: omi ń ṣẹ́ lára ọ̀rá láàárọ̀, ìwọ̀n ọ̀rinrin ju 90 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Nínú afẹ́fẹ́ tó rin bẹ́ẹ̀, lẹ́búlẹ́bú máa ń lẹ̀ mọ́ra, kò ní bọ́. Mo fi fáànù kọ̀ǹpútà kékeré, oní-12 fólítì, sínú àgọ́ kó máa fẹ́ tọ̀sántòru, mo ń ṣí iwájú rẹ̀ láti aago 10 sí aago 2 ọ̀sán, àárọ̀ nìkan ni mo sì ń bomi rin. Ó sọ̀ kalẹ̀ sí 70. Ẹni tó bá ń lo híta kẹrosíìnì yóò jìyà jù báyìí lọ, torí lítà kẹrosíìnì kan tó jó ń tú omi tó tó lítà kan sínú afẹ́fẹ́, tí kò bá sì jó dáadáa, gáàsì ethylene tó ń jáde lára rẹ̀ á gbọn òdòdó dànù.

Oyin kì í wọlé lójú òtútù, nítorí náà búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín oníbátìrì ni mo fi ń gbọ̀n wọ́n. Ẹ̀yìn búrọ́ọ̀ṣì ni ẹ máa fi kan igi lẹ́yìn ìdì òdòdó fún ìṣẹ́jú-àáyá méjì sí mẹ́ta, nǹkan bí ọ̀sán gangan, nígbà tí òdòdó bá ti gbẹ. Mo tẹ́ páálí dúdú sábẹ́ rẹ̀. Ó yẹ kí eruku aláwọ̀ ìyeyè bọ́ sórí páálí náà. Kò sóhun tó bọ́. Afẹ́fẹ́ ti gbẹ, òru kò tutù, gbígbọ̀n wà, síbẹ̀ páálí dúdú náà mọ́ fefe. Ìgbà yẹn ni mo gbé mítà jáde, tí mo sì rí 100 wáàtì yẹn.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. LED gidi máa ń fún wa ní micromole 2.5 (micromole jẹ́ ìdá mílíọ̀nù kan mólù) fún joule kan, ìyẹn wáàtì kan fún ìṣẹ́jú-àáyá kan. Èyí tí kò dára lè wà ní 1.5. 100 wáàtì lọ́nà 1.5 jẹ́ micromole 150 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Fún wákàtí 16, ká tiẹ̀ ní kò sí èyí tó ṣòfò, mólù 8.6 ni, a ó sì tún pín in sórí ibi tó fẹ̀ tó bí àwọn olùtajà ṣe ń ṣèlérí. Lórí mítà 1.2 sí 1.2 tí wọ́n ṣèlérí, 6 péré ni lórí mítà onígun mẹ́rin kan; kódà lórí àgọ́ mi tó jẹ́ ìdajì ìyẹn, kò ju 12 lọ, kò sì tó 15. Nínú ìmọ́lẹ̀ tó kéré bẹ́ẹ̀, igi á yọ òdòdó, ṣùgbọ́n kò ní ṣúgà tó máa fi ṣe lẹ́búlẹ́bú. Àmì mìíràn tún wà: Micro Tom mi ti ń gùn ju bó ṣe yẹ lọ, àlàfo láàárín ewé àti ewé sì fẹ̀.

Mo ra iná oní-100 wáàtì gidi kan tó ní micromole 2.5 fún joule, mo gbé e kọ́ sẹ̀ǹtímítà 30 sókè orí ewé, mo sì fi ti àkọ́kọ́ ran ẹ̀gbẹ́ kan lọ́wọ́. Táímà ń tàn wọ́n láti aago 10 alẹ́ títí di aago 2 ọ̀sán, kí ooru wọn lè bọ́ sí ìgbà tó tutù jù. Láti ìgbà tí ilẹ̀ bá ṣú ní nǹkan bí aago 4 títí di 10, òkùnkùn ni. Ẹ má ṣe tàn án fún wákàtí 24, ewé tòmátì á di àwọ̀ ìyeyè, á sì bàjẹ́. Àwọn òdòdó tó ti wà lórí igi ṣì ń já bọ́ lẹ́yìn èyí. Kí ọkàn yín má balẹ̀ jù, kó má sì pòrúurùu: lẹ́búlẹ́bú ti ń dàgbà nínú èéhù ní ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí òdòdó tó ṣí. Ìdì tó yọ lẹ́yìn ìyẹn ló fi eruku sórí páálí dúdú. Petali (ewé òdòdó) yípadà sẹ́yìn, oríkèé dúró ní àwọ̀ ewé, èso tó tó orí abẹ́rẹ́ sì yọ. Èyí ni mo ń wá látìgbà náà!

Láti ibẹ̀, ajílẹ̀ olómi tó ní pòtáṣì púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, omi déédéé kí ìdí èso má baà dúdú, káàdì ìyeyè onílẹ̀mọ́ fún eṣinṣin funfun. Ẹ já ewé tó bá kú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, èbu eérú ni wọ́n máa ń fà wá. Èso máa ń pọ́n dáadáa ní nǹkan bí 18 sí 24°C. Lábẹ́ 12, kò ní pupa dáadáa.

Bí mo bá tún ṣe é, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án ni mo máa fúnrúgbìn, kí igi ti lágbára kí ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó tán. Mi ò sì ní ra iná kankan mọ́ láìjẹ́ pé olùtajà kọ iye wáàtì tó ń fà láti ara ògiri àti micromole rẹ̀ fún joule kan. Èso wọn kò pọ̀ tó láti fi se ọbẹ̀ ata fún ilé. Sàláàdì àti jíjẹ lásán ni wọ́n wà fún. Ẹni tó bá fẹ́ èyí tó pọ̀ díẹ̀ kó gbin Red Robin sí àárín gbùngbùn abẹ́ iná, kó to Micro Tom sí ẹ̀gbẹ́.