Ìdodo Ni Wọ́n Gbà, Èjìká Ló Ń Dùn Mí

Ìbéèrè: Àná ni wọ́n fi rọ́bọ́ọ̀tì gba ìdodo yọ àpò òróòro mi. Kí ló dé tó jẹ́ èjìká ọ̀tún ló ń dùn mí?

Ìdáhùn: Ẹ kú ewu. Gáàsì ni. Òun ni wọ́n fi fẹ ikùn yín kí dókítà lè ríran. Ìyókù rẹ̀ ló ń ta awọ tó pààlà àyà àti ikùn. Iṣan awọ yẹn, ọrùn ló ti wá, ni ọpọlọ bá ń ka ìrora náà sí ti èjìká. Ẹ máa rìn díẹ̀díẹ̀ nínú ilé. Á lọ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Àmọ́ bí àyà bá ń fún yín, tí mímí ń nira, ẹ má pè é ní gáàsì, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbà lọ.

Ìbéèrè: Ojú kan ṣoṣo ni wọ́n láwọn máa gé. Mo jí, mo ka mẹ́rin. Ṣé rọ́bọ́ọ̀tì ló bàjẹ́?

Ìdáhùn: Rọ́bọ́ọ̀tì kì í dá gé èèyàn o, dókítà ló jókòó tó ń darí ẹ̀. Nínú ihò ìdodo, ọwọ́ irin méjèèjì kọjá lórí ara wọn: ti ọ̀tún bọ́ sósì, ti òsì bọ́ sọ́tùn-ún. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣe pàṣípààrọ̀ wọn, kí ọwọ́ ọ̀tún dókítà lè máa darí èyí tó rí lọ́tùn-ún. Ọdún 2011 ni FDA, àjọ tó ń yẹ oògùn àti ohun èlò ìwòsàn wò ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí i fún iṣẹ́ yìí. Ọgbọ́n ńlá ni, ṣùgbọ́n àyè há. Bí àpò náà bá ti wú, tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀dọ̀, ó lè má ṣeé rí dáadáa. Lójú tèmi, dókítà tó fi ihò kún un mọṣẹ́. Ó sàn ju kó ṣèèṣì gé ọ̀nà òróòro tó ti ẹ̀dọ̀ wá.

Ìbéèrè: Ọ̀sẹ̀ kejì rèé, mo ti ń pọnmi. Bí mo bá wúkọ́, nǹkan ń yọ níbi ìdodo.

Ìdáhùn: Ẹ sọ garawa yẹn kalẹ̀ ná! Ihò ìdodo yìí tóbi ju èyíkéyìí nínú ihò kéékèèké mẹ́rin tí wọ́n sábà máa ń lu lọ, ìfun sì lè gbabẹ̀ yọ. Ẹ lọ fi han dókítà. Bí kò bá ṣeé tì padà, tó ń dùn yín, tẹ́ ẹ sì ń bì, ọjọ́ náà ni kẹ́ ẹ lọ.

Ìbéèrè: Mo bá jẹ dòdò, ìgbẹ́ gbuuru.

Ìdáhùn: Ẹ̀dọ̀ ṣì ń ṣe òróòro, kò kàn níbi ìpamọ́ mọ́. Ẹ dín òróró kù fúngbà díẹ̀.

Ìbéèrè: Ojú mi pọ́n bí ìyeyè, òtútù sì ń mú mi.

Ìdáhùn: Ẹ dìde báyìí. Òróòro lè máa jò, tàbí kí òkúta tó máa ń dì nínú òróòro dí ọ̀nà rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní fòníkú-fọ̀ladìde, tí òkúta yìí wọ́pọ̀ lára yín, ẹ má sọ pé bí ojú yín ṣe máa ń rí nìyẹn.